Gàbárì Tuntun Kò Ní Ààyè fún Àwọn Tó Sùn

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tẹ̀ lé mi láti ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ẹnu ọ̀nà ilé mi ní Ìfànyìn, tí ẹ ń bi mí pé, "Tantí Fẹ́lí, ṣé iṣẹ́ yíya àwòrán ilé dára fún obìnrin?" èsì mi nìyí lórí ìwé, kí n lè sinmi. Iṣẹ́ náà dára. Àwọn kan nínú rẹ̀ ni kò dára. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn tí a fi oyin pa, kí ó kọjá sí ilé kejì.

Mo ti gba bákì mi, ìwé ẹ̀rí ìparí girama, kí n tó wọ iṣẹ́. Mo mọ ìṣirò, mo sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, èyí tí àwọn ọkùnrin bùró, ọ́fíìsì ìyàwòrán wa, kò fẹ́ràn. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò ní ìtàn nínú: mo kọ̀wé, wọ́n dáhùn. Owó oṣù náà kò ní ìtàn: ó kéré nígbà tí mo dé, ó kéré títí mo fi lọ. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Àjàṣẹ́ ni bùró náà wà, ṣùgbọ́n ọmọ Ìfànyìn ni ọ̀gá tó dá a sílẹ̀. Ọ̀gá Lánìyan ni wọ́n ń pè é. Ó ga, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín kí ọjọ́ Sátidé tó dé. Nígbà náà, orí kálìkì la ń yàwòrán sí, ìwé fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara bí èèpo àlùbọ́sà. Bí òógùn ọwọ́ bá kán sí i, á kákò, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan á sì di ohun ìfinásun. Àtíkè la ń pa sí ọwọ́ bí ìyá ìkókó. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fẹnu kan ohun elépo kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí o bá fa ìlà tí kò yẹ, abẹ ìfárí lo máa fi ha á kúrò, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ha irun ọmọ tuntun. Bí o bá kánjú, ihò ló máa kí ọ.

Ìlà nìkan ni mo fà fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀gá á mú ìwé mi, á gbé e dojú kọ fèrèsé.

"Fẹ́lí, ìlà yìí ń mí."

"Ọ̀gá, ìlà kì í mí."

"Tìrẹ ń mí. Ó sanra níbí, ó rù níbí. Lọ tún un fà."

Mo sunkún ní ẹ̀yìn bùró lọ́pọ̀ ìgbà. N kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹkún náà títí di òní, nítorí mo ti gbọ́ àwọn àgbà tó ń sọ pé ìyà ló sọ wọ́n dènìyàn. Ìyà kò sọ mí dènìyàn. Ènìyàn ni mo jẹ́ kí n tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan tó kọ́ mi, mo gbà á tọkàntọkàn, òun ni gbogbo ìtàn yìí sì dá lé.

Ó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáádà, ní agboolé kan tí wọ́n fẹ́ fi yàrá kún. Mo ti na okùn ìwọ̀n mọ́ ògiri nígbà tí Ọ̀gá dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Ta lo ti kí nínú ilé yìí?"

"Bàbá ilé, ìyá ilé, àti ìyàwó kékeré tó wà ní ààrò."

"Àwọn tó sùn ńkọ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Kútọnu, ẹ gbọ́. Lọ́dọ̀ wa, àgbà tó bá kú kì í fi ilé sílẹ̀. Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n ń sin ín sí. Kristẹni ń ṣe é, abọ̀rìṣà ń ṣe é, mo sì mọ ilé Mùsùlùmí tí wọ́n ti ṣe é pẹ̀lú. Wọ́n á fi sìmẹ́ńtì dán ilẹ̀ náà, ọmọ-ọmọ á máa ta ayò lórí bàbá ńlá rẹ̀. Àlejò kò lè mọ̀. Onílé ló ń mọ̀. Àṣẹ Ọ̀gá ni pé kí a tó wọn ògiri kankan, kí a béèrè ibi tí àwọn tó sùn wà, kí a wọ̀n ọ́n, kí a yà á, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan sí ilé náà lọ́jọ́ iwájú má baà gbé ògiri lé àgbà lórí. Láti Ìgòlò dé Kò-Kúmólú, ohun tí wọ́n fi mọ bùró wa nìyẹn. Àwọn ará ilé á ní, "Bùró Lánìyan ló ya tiwa. Wọ́n mọ ibi tí Ìyá wà."

Ẹ rántí gbólóhùn yẹn. Òun ló fa jàǹbá.

Kálìkì lọ, kọ̀ǹpútà dé. Èyí àkọ́kọ́ kò ṣe ju ìlà lọ, bí ẹni pé wọ́n fi ẹ̀rọ rọ́pò abẹ àti tàdáwà. Lẹ́yìn náà ni ohun tó ń gbé ilé dìde gan-an dé: ògiri ní ìnípọn, òrùlé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, o lè yí ilé náà wò lẹ́yìn àti níwájú bí ẹni ń yẹ akèrègbè wò lọ́jà. Àwọn ọkùnrin bùró sá fún un. Èmi jókòó tì í. Èmi ni mo gbé gbogbo agboolé tí a ti yà rí láti orí kálìkì sínú kọ̀ǹpútà, lọ́kọ̀ọ̀kan, ọdún lé ọdún. Lábẹ́ ilẹ̀ yàrá tó bá yẹ, mo fi àpótí pẹlẹbẹ kan síbẹ̀, mo kọ orúkọ ẹni tó sùn sí i lára.

Nígbà tí ojú Ọ̀gá Lánìyan di bàìbàì, ó fi bùró lé ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́. Máríúsì ni orúkọ rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Faransé dé. Mo ti wà níbẹ̀ kí ó tó mọ bí a ṣe ń di okùn bàtà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti gbé tábìlì mi sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìyàgbẹ́, ó ní ibẹ̀ ní afẹ́fẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó kó wá ń pè mí ní Tantí Kálìkì. Ní oṣù kejì, ó ní ibi ìkóǹkansí ti kún jù, ó sì kó gbogbo kálìkì wa fún obìnrin alákàrà tó wà ní ìyànà. Mo ra àkàrà lọ́jọ́ kan, mo tú u, mo rí yàrá àlejò ilé kan ní Ìgòlò tí mo fi ọwọ́ ara mi yà, epo ti mu ún. Mo jẹ àkàrà náà. Ó dùn, èyí sì tún bí mi nínú sí i.

Bí a ṣe wà bẹ́ẹ̀ ni Máríúsì gba iṣẹ́ ńlá kan tó ní kí a kó gbogbo ilé inú kọ̀ǹpútà wa lọ sínú ètò ìyàwòrán tuntun. Ètò náà ní ohun tí wọ́n ń pè ní gàbárì. Gàbárì ni ilé òfìfo tí gbogbo àwòrán tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀: ògiri ní ìjókòó tirẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀kùn ní tirẹ̀, fèrèsé ní tirẹ̀, títí dé orí ọpọ́n ìfọwọ́. Bí o bá gbé ilé àtijọ́ wọlé, nǹkan kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wá ìjókòó rẹ̀. Èyí tí kò bá rí ìjókòó, gàbárì kò mọ̀ ọ́n.

Èmi ni wọ́n fún níṣẹ́ náà, nítorí kò sẹ́ni tó mọ àwọn ilé ọ̀hún bíi tèmi. Ilé àkọ́kọ́ tí mo gbé wọlé, ògiri jókòó, òrùlé jókòó, àpótí àwọn tó sùn dúró síta bí àlejò tí wọn kò ní kó jókòó. Mo pe Máríúsì.

"Tantí, kí ni gbogbo àpótí wọ̀nyí lábẹ́ ilẹ̀?"

"Ojú oórì ni, Músíọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́. "Ṣé ilé là ń yà ni, àbí ibojì?"

"Ilé ni. Àwọn tó ni ín ló wà níbẹ̀."

"Gàbárì wa kò ní ààyè fún òkú. Ẹ kó wọn dànù, kí ó mọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìjókòó fún wọn. N kò ní pẹ́ níbẹ̀."

"Àwọn tó ṣe gàbárì yìí kàwé jù wá lọ, Tantí. Bí ó bá yẹ kó wà níbẹ̀, wọn ì bá ti fi síbẹ̀."

"Wọn kì í sin bàbá wọn sínú yàrá. Kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe?"

Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín, ojú Máríúsì sì yí padà. Mo ní n kò ní fi ọwọ́ mi kó wọn dànù. Ó ní kò sí wàhálà, òun á ṣe é fúnra òun. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹni tí ebi orúkọ ń pa. Ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà mi, ó ní kí ètò náà kó gbogbo ilé wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó pa ohunkóhun tí kò bá ní ìjókòó rẹ́, kí ó sì kọ tuntun bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ní, "Músíọ̀, ẹ má ṣe é." Ó tẹ̀ ẹ́. Ó jáde lọ mu kọfí. Nígbà tó padà dé, gbogbo agboolé wa ti mọ́ tónítóní, kò sì sí ẹni tó sùn níbì kankan mọ́.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó jáde sójú. Ilé Adéọtí ní Kò-Kúmólú ní kí a ya ilé ìyàgbẹ́ inú ilé kún tiwọn, níbi tí yàrá alámọ̀ kan ti wó. Máríúsì ló yà á. Ó rí ilẹ̀ tó ṣófo nínú kọ̀ǹpútà, ó fi kòtò sí i. Àwọn ọ̀dọ́ ilé náà wò ó, wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Bùró Lánìyan ló yà á. Wọ́n mọ ibi tí Ìyá wà." Wọ́n gba agbẹ́lẹ̀ láti ìlú mìíràn. Ìyá Sàbíná, ọmọbìnrin àgbà ilé náà, wà ní Ìgòlò nídìí ọjà rẹ̀. Ìgbà tó fi máa dé, ọkọ́ ti kan aṣọ, ó sì ti kan ohun tí aṣọ wé.

N kò ní ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá wọn ni.

Wọ́n ránṣẹ́ sí bùró. Máríúsì mú mi dání, n kò mọ ìdí rẹ̀ títí a fi wọ àgbàlá náà. Gbogbo ilé ti péjọ. Bàsírù, àbúrò Ìyá Sàbíná, béèrè pé, "Ta ló ya ìwé yìí?" Máríúsì na ọwọ́ sí mi. "Tantí yìí ló kó àwọn àwòrán àtijọ́ wọlé. Ọjọ́ ogbó ni. Ẹ bá wa forí jì í." Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Mo wo kòtò náà. A kì í jà lórí òkú tó wà ní gbangba. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí n kò ṣe. Wọ́n tún ìyá wọn sin sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n dí kòtò náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Agbẹ́lẹ̀-òkú ni orúkọ mi ní Ìfànyìn. Obìnrin tó ti ń jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà ọmọge ṣí lọ sí ìjókòó iwájú. Ó ní etí òun kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́. Etí rẹ̀ gbọ́ ìròyìn mi ṣá.

Mo lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ló gbà mí níyànjú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé Adéọtí nìkan ni gàbárì náà gbá mọ́. Gbogbo agboolé tí a ti yà rí ni. Kòtò mìíràn ń bọ̀, ògiri mìíràn ń bọ̀, orúkọ mi ni wọ́n á sì tún fi pè é. Mo wọ yàrá Máríúsì lọ, mo ti ilẹ̀kùn.

"Mo máa ṣe ìjókòó fún wọn nínú gàbárì. Mo sì máa tún ilé gbogbo wọ̀n."

"Kò sí àyè fún ìyẹn nínú iṣẹ́ wa, Tantí."

"N kò béèrè àyè. Ọjọ́ ìsinmi mi ni màá lò."

"Ẹ kàn fẹ́ dójú tì mí ni."

"Bí o bá ti rí i bẹ́ẹ̀, ó dára."

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ pè é ní "o". N kò padà sí "ẹ" mọ́.

Bí mo ṣe di arìnrìn-àjò lọ́jọ́ ogbó nìyẹn. Mo ń gun sẹ́míjàn, alùpùpù akérò, kiri, okùn ìwọ̀n nínú àpò, eruku pupa títí dé ìpéǹpéjú. Kálìkì ti di ìwé àkàrà, kọ̀ǹpútà ti gbàgbé, ẹnu àwọn onílé nìkan ló kù. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Ní Ṣáádà, ọkùnrin kan ní, "Ṣé ìwọ ni Agbẹ́lẹ̀-òkú? Tiwa ṣì ń sùn, má jí wọn." Mo jókòó sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi jinná. Ojú tì í láti jẹun lójú àlejò tí kò pè. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Àwọn mìíràn dùn ún bá lò. Ní Ìgòlò, mo bá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì, àgbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò ń ṣe pààrọ̀ owó ní bọ́dà. Mo ní kí wọ́n fi bàbá wọn hàn mí.

"Orí Bàbá wà níhà ẹnu ọ̀nà," àbúrò ní.

"Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ ni. Ṣé kí Bàbá kọrí sí ẹnu ọ̀nà kó lè máa gbọ́ ariwo alùpùpù rẹ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo wà níbẹ̀."

"O wà ní Kútọnu. Ìgbà tí wọ́n ń bu oúnjẹ lo dé."

"Mo ṣáà dé."

"Oúnjẹ lo sin."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n dáhùn láti ààrò: "Tantí, ẹ bá wa wọn gígùn rẹ̀, kí àwọn wọ̀nyí máa pín orí àti ẹsẹ̀ láàárín ara wọn."

Mo ní àpótí tèmi kò ní orí, kò ní ẹsẹ̀, kí wọ́n sáà fi ibi tó dé hàn mí. Wọ́n fi hàn mí, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ìjà wọn kí n tó jáde.

Nínú gàbárì, mo ṣe ìjókòó tuntun, mo pè é ní Ibi Ìsinmi. Mo so ẹni kọ̀ọ̀kan mọ́ ilẹ̀ yàrá rẹ̀, débi pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ògiri tàbí kòtò kàn án, àmì pupa á yọ, ètò náà á kọ̀. Mo padà sí Kò-Kúmólú pẹ̀lú. Ìyá Sàbíná bá mi di okùn ìwọ̀n mú ní ìkángun kejì. Gbogbo iṣẹ́ náà gbà mí ní ọdún púpọ̀. Nígbà tí mo gbé ilé tó kẹ́yìn wọlé, ìfẹ̀yìntì mi ti dé.

Níbi ìdágbére, Máríúsì dìde pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Tantí wa, ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò mi tán, nítorí òùngbẹ ń gbẹ mí, mo sì wá sílé.

Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ rẹ̀ dúró níwájú ilé mi. Ètò ìyàwòrán náà ti tún yí padà, gàbárì tuntun mìíràn ti dé, àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ sì ti gbìyànjú láti kó àwọn ilé náà wọ inú rẹ̀. Ògiri jókòó. Ṣùgbọ́n okùn tí mo fi so àwọn tó sùn mọ́lẹ̀ ti já. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ti wọ́ jọ sí igun kan ṣoṣo lẹ́yìn odi, wọ́n gorí ara wọn bí ìdì igi. Àwọn onílé sì ti gbọ́n. Wọn kò gba àwòrán kankan mọ́ bí wọn kò bá rí àgbà wọn nínú rẹ̀.

"Ẹ gbà wá, Tantí. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bí ẹ ṣe so wọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ohun tí ẹ bá fẹ́, ẹ sọ."

"Àgbàlá Adéọtí ni mo fẹ́. Lójú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí o sọ ẹni tó pa àwọn tó sùn rẹ́."

"Tantí, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn."

"Òkú àtijọ́ náà ni. Ó ṣì wà níbẹ̀."

Ó lọ. Mo jẹ́ kó lọ. Ẹ má rò pé ó rọrùn fún mi. Mo mọ orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú òkìtì náà, mo sì lè dá wọn padà. Ṣùgbọ́n orúkọ tèmi náà wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bọ̀ wá hú u. Mo jókòó. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó dá. Máríúsì tún dé, ó ní kí n wọ ọkọ̀.

Ní Kò-Kúmólú, Ìyá Sàbíná ń ṣa ẹ̀wà lórí àga. Bàsírù wà níbẹ̀, àti àwọn ọ̀dọ́ ọjọ́sí tí wọ́n ti di bàbá ọmọ. Máríúsì fẹ́ wọlé.

"Bọ́ bàtà," Ìyá Sàbíná ní. "Ìyá wà níbí."

Ó bọ́ ọ. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú ṣòkòtò òyìnbó rẹ̀. "Èmi ni mo pa àwọn tó sùn rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Tantí kìlọ̀ fún mi. Mo wá purọ́ mọ́ Tantí níbí."

Ìyá Sàbíná ju òkúta kan nù láti inú ẹ̀wà. "A ti mọ̀."

Èmi ni mo sọ̀rọ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí o padà wá wọn ilẹ̀. Ẹni tó pa nǹkan rẹ́ kì í padà wá wọ̀n ọ́n."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní Agbẹ́lẹ̀-òkú?"

"Ìwọ lo kúnlẹ̀," ó ní. "Mo rò pé o ní ìdí tí o fi kúnlẹ̀."

Mo ń bínú sí òun náà títí di òní, mo sì ti fi í kún àwọn tí mo ń bínú sí. Ti Máríúsì, n kò sọ pé mo ti dárí jì í. Mo kàn dìde, mo gbọn ìró mi, mo wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. A dé bùró ní Àjàṣẹ́. Ilé Adéọtí ni mo kọ́kọ́ ṣí nínú kọ̀ǹpútà. Mo gbé ìyá wọn kúrò nínú òkìtì náà, mo dá a padà sí àyè rẹ̀, mo so ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí àwọn ọ̀dọ́ bùró fa àga wọn sún mọ́ mi, kí wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe máa gbé ẹni tó kàn.